Bọ́ọ̀lù Tó Ti Kúrò Lọ́wọ́

Ọdún kẹrin tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Físíìsì ni mo ṣe ìdánwò kan tó yí ọwọ́ iṣẹ́ mi padà. Kíláàsì tó dáa ni. Àwọn ọmọ náà máa ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n sì mọ fọ́múlà lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́wàá ni mo kọ lórí ipá. Mẹ́sàn-án ló ní nọ́ńbà nínú: ẹrù kan wúwo tó kìlógíráàmù 2, ìyárasí rẹ̀ jẹ́ 3 m/s², Newton mélòó ni ipá tó ń tì í? Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ká sọ méjèèjì di púpọ̀ ti rí 6 nìyẹn. Ìkẹwàá nìkan ni kò ní nọ́ńbà. Àyè ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ pépà tí mo fi kọ ọ́ síbẹ̀:

"Ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù sókè. Bọ́ọ̀lù náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń lọ sókè. Má ka afẹ́fẹ́ sí. Fi ọfà ya gbogbo ipá tó wà lára bọ́ọ̀lù náà."

Ọfà kan ṣoṣo ni ìdáhùn rẹ̀, èyí tó kọjú sílẹ̀. Òòfà ilẹ̀ ni, ìyẹn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ ti ṣe tirẹ̀ tán, kò kan bọ́ọ̀lù mọ́. Mo rò pé máàkì ọ̀fẹ́ ni mo fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Nígbà tí mo jókòó láti máàkì, ọfà méjì ni mo rí lórí pépà àkọ́kọ́, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sílẹ̀, èyí tó lọ sókè sì gùn ju èkejì lọ. Pépà kejì, bákan náà. Ìkẹta, bákan náà. Nínú gbogbo kíláàsì, àwọn tó ya ọfà kan ṣoṣo kò tó ìka ọwọ́ kan. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù láàárín wọn wà lára àwọn tó ya méjì, bẹ́ẹ̀ ó gba gbogbo ìbéèrè mẹ́sàn-án tó ṣáájú láìṣìkan.

Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi lọ́jọ́ kejì. Mo fi bírò kan ọfà tó lọ sókè.

"Èyí ńkọ́? Kí ni?"

"Ipá tí ọwọ́ fi jù ú ni, mà."

"Ṣé ọwọ́ ṣì kan bọ́ọ̀lù náà?"

"Rárá, mà."

"Ta ló wá ń tì í lọ sókè?"

Ó wo pépà náà títí. Kò wojú mi. Ó ní, "Ipá yẹn ti wọ inú bọ́ọ̀lù lọ, mà. Ó ń tán díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ. Tó bá tán, bọ́ọ̀lù á padà wálẹ̀."

"Lókè téńté tó dúró sí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni ipá méjèèjì ti bára dọ́gba."

Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ so kọ́ra, ó ní orí, ó ní ìdí. Kò ti ẹnu mi jáde rí, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n ń lò. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó jọ láti ìgbà tó ti ń ju nǹkan sókè ní kékeré. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi kọ́ wọn ní òfin Newton kò fọwọ́ kan èrò yẹn rárá. Ṣe ni wọ́n gbé fọ́múlà mi sínú yàrá kan, wọ́n fi èrò tiwọn sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ríra. Ìbéèrè tó bá ní nọ́ńbà, yàrá fọ́múlà ni wọ́n ń ṣí. Ìbéèrè tó bá ní kí wọ́n wo bọ́ọ̀lù, ilé ara wọn ni wọ́n ń lọ.

Mo wá lọ ka ìtàn ọ̀rọ̀ náà, ara mi sì wálẹ̀. Ohun tí ọmọ yẹn sọ kò jìnnà sí ohun tí ọ̀mọ̀wé kan, Jean Buridan, kọ ní Paris ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, pé ẹni tó ju nǹkan fi ohun kan sínú rẹ̀ tó ń gbé e lọ, àti pé afẹ́fẹ́ àti ìwúwo nǹkan náà ló ń bu ohun ọ̀hún kù. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, Aristotle, ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti ní nǹkan tó ń rìn kò lè ṣe kí ohun kan má máa tì í. Ọdún 1687 ni ìwé Newton jáde, tó sọ ọ́ kedere pé nǹkan tó ti ń rìn yóò máa rìn lọ ni, ìyípadà nínú ìrìn rẹ̀ ló ń fẹ́ ipá. Láti ìgbà Aristotle dé ibẹ̀, bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ni. Èmi wá ń retí kí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún rìn ín já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti pátákó.

Nǹkan tí ọmọ yẹn fẹ́ sọ sì wà lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù tó ń lọ sókè gbé nǹkan kan dání: eré rẹ̀, àti agbára tó wà nínú eré yẹn. Èyí ló ń tán bó ṣe ń gòkè. Orúkọ tó pè é ni kò bá a mu. Èdè wa gan-an ń fa ìdàrúdàpọ̀ yìí, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ipá, agbára àti okun kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Ẹni tó ní ọ̀kan ló ní gbogbo rẹ̀. Nínú Físíìsì, ipá kì í gbé inú nǹkan. Ó máa ń wà láàárín nǹkan méjì ni. Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè tí mo ń bi àwọn ọmọ nípa ọfà èyíkéyìí tí wọ́n bá yà ni: "Kí ló ń ti kí ni?" Ọfà tí kò bá rí olùtì, a máa pa á rẹ́.

Kì í ṣe èmi nìkan ló ti bọ́ sínú ọ̀fìn yìí. Ní 1992, David Hestenes, Malcolm Wells àti Gregg Swackhamer ní Amẹ́ríkà tẹ ìdánwò kan jáde tí wọ́n pè ní Force Concept Inventory. Kò sí ìṣirò nínú rẹ̀. Ìdáhùn mélòó kan ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan kí ọmọ mú ọ̀kan, àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà sì jẹ́ ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò lóòótọ́. Eric Mazur, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Harvard, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ ṣe. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá bí òun ṣe kọ́ wọn ni kí àwọn fi dáhùn, tàbí bí àwọn fúnra àwọn ṣe ń rò ó. Nígbà tí mo ka ibi yẹn, ojú ọmọbìnrin yẹn ni mo rí.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbéèrè lọ́nà mìíràn. Mo ní kí ọkọ̀ ńlá kan tó wúwo tó kìlógíráàmù 4,000 àti ọkọ̀ kékeré kan tó wúwo tó 1,000 forí sọra wọn. Èwo ló ti èkejì jù? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló mú ọkọ̀ ńlá. Ìdọ́gba ni: bí ọ̀kan bá fi Newton 20,000 ti èkejì, 20,000 náà ló ń gbà padà. Ìyárasí ni kò dọ́gba, 5 m/s² fún ọkọ̀ ńlá, 20 m/s² fún kékeré, ìdí nìyẹn tí kékeré fi ń fọ́ yángá. Àwọn ọmọ kan bínú sí ìdáhùn yìí. Mo fẹ́ràn ìbínú yẹn, nítorí pé ọmọ tó bínú ti gbé èrò rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá ìkọ̀kọ̀, a sì ti lè jọ wò ó.

Iná mànàmáná ni ibi tí mo ti rí ohun tó pọ̀ jù. Àwọn ọmọ mi lè fi ìdíwọ́, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó, pín fóltéèjì kí wọ́n rí káréǹtì, ìyẹn iná tó ń ṣàn nínú wáyà, wọ́n á ṣe é lójú oorun. Mo gbé bátìrì kékeré kan, wáyà kan ṣoṣo àti gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan síwájú wọn ní méjì-méjì, mo ní kí wọ́n tàn án. Kò sí nǹkan mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìdí gílóòbù lé orí bátìrì, ó dúró, ó ń retí iná. Ó yí i po. Ó fi wáyà sí ìdí gílóòbù náà, ó fi ẹnu kejì wáyà sórí bátìrì. Òkùnkùn. Ó wá fi wáyà náà so orí bátìrì pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ tààrà, ó di gílóòbù mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé yóò tàn nítorí pé ó wà nítòsí. Láìpẹ́ wáyà gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́, ó jù ú sílẹ̀.

"Mà! Ó ń gbóná!"

"Kí ló dé tó fi gbóná?"

Ó ronú. "Káréǹtì ń gba inú ẹ̀ kọjá."

"Ṣé ó gba inú gílóòbù kọjá?"

Ó gbé gílóòbù sún mọ́ ojú, ó yí ìdí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ibẹ̀ ló ti rí ohun tí kò rí láti ọjọ́ tó ti ń lo tọ́ọ̀ṣì: ojú méjì ni gílóòbù ní, bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, àti irin tó yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, nǹkan dúdú kan sì là wọ́n láàárín. Ó fi bọ́tìnnì kan orí bátìrì, ó fi wáyà kan ẹ̀gbẹ́, ó fa ẹnu kejì wáyà lọ sí ìdí bátìrì. Ó tàn. Ó mú wáyà kúrò, ó tún dá a padà, ó ṣe é bí ìgbà mẹ́fà. Mi ò tíì rí ọmọ tí máàkì mú inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bátìrì kékeré tí kò ju fóltì 1.5 lọ ni ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dán an wò o, iná ògiri kì í ṣe ohun ìṣeré. Kí ẹ sì tètè já wáyà náà kúrò.

Èrò kejì tí mo bá nínú iná ni pé gílóòbù ń jẹ káréǹtì. Bí a bá so gílóòbù méjì tẹ̀léra, wọ́n gbà pé àkọ́kọ́ á jẹ tirẹ̀ yó, àjẹkù ló máa kan èkejì. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Àwa náà la máa ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ń jẹ iná jù. Mo so ámítà, ẹ̀rọ tó ń wọn káréǹtì, mọ́ ibi mẹ́ta, ṣáájú gílóòbù àkọ́kọ́, láàárín méjèèjì, lẹ́yìn èkejì. Kí n tó tan án, mo ní kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò pé ámítà kọ̀ọ̀kan máa kà, mo sì sọ fún wọn pé kò sí máàkì fún un. Ó pọ̀ nínú wọn tó kọ nọ́ńbà tó ń dín kù. Mo tan án: 0.20, 0.20, 0.20. Kíláàsì pa rọ́rọ́. Ẹnì kan ní ámítà ti bàjẹ́. Mo pààrọ̀ wọn láyè ara wọn, 0.20 kan náà ni. Ìgbà náà la tó wá lè sọ̀rọ̀ pé agbára ni gílóòbù ń gbà lọ́wọ́ káréǹtì, bí òkúta ọlọ ṣe lè gba agbára lọ́wọ́ omi tó ń yí i láìmu omi náà.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ pé kò sí máàkì fún un. Ó pẹ́ kí n tó mọ bí ìyẹn ti ṣe pàtàkì tó. Bí máàkì bá wà lórí nǹkan, ohun tí ọmọ rò pé mo fẹ́ gbọ́ ló máa kọ. Bí máàkì kò bá sí, ohun tó gbà gbọ́ ló máa kọ, òun gan-an ni mo sì ń wá.

Ìbéèrè kan wà láti ọ̀dọ̀ Lillian McDermott àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington tí mo ń lò lọ́dọọdún. Gílóòbù márùn-ún tó bára mu, tí a pè ní A, B, C, D àti E, àti bátìrì mẹ́ta tó bára mu. Gílóòbù A dá wà lórí bátìrì tirẹ̀. B àti C wà lórí ọ̀kan, wọ́n tò tẹ̀léra. D àti E wà lórí ọ̀kan, wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀. To wọ́n bí wọ́n ṣe mọ́lẹ̀ sí. A, D àti E dọ́gba, B àti C dọ́gba, wọ́n sì ṣókùnkùn ju àwọn yòókù lọ. Lọ́dún kan ọmọ kan tò ó pé, mo ti fẹ́ fún un ní máàkì kíkún kí n tó ka ìlà tó kọ sábẹ́ rẹ̀: "B àti C dọ́gba nítorí pé káréǹtì pín sí méjì, ìdajì fún B, ìdajì fún C." Ìdáhùn tọ̀nà, èrò wọ́. Káréǹtì kan náà ló gba inú B àti C kọjá, ìdíwọ́ méjì tó tẹ̀léra ló mú un kéré. Bí mi ò bá béèrè ìdí ni, ọmọ yẹn ì bá jáde níwájú mi pẹ̀lú máàkì tó pé àti èrò tó wọ́, èmi náà ì bá sì máa yọ̀.

Ìgbì kò gbà mí lákòókò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀ fara sin dáadáa nítorí pé fọ́múlà ló ń bo ó. Ẹni méjì di okùn mú, ọ̀kan já ọwọ́ rẹ̀ sókè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìgbì kan ń rìn lọ sọ́dọ̀ èkejì. Kí ló máa ṣe kí ìgbì tètè débẹ̀? "Kó tètè mi ọwọ́." "Kó fi agbára mì í." Wọ́n á fi fọ́múlà gbè é lẹ́sẹ̀: eré ìgbì ni iye ìgbà tó ń mì lójú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́nà gígùn ìgbì, nítorí náà bí mímì bá pọ̀, eré á pọ̀. Wọn kò rí i pé gígùn ìgbì á kúrú láti fi dí i. Eré ìgbì wà lọ́wọ́ okùn: kí wọ́n fà á le sí i tàbí kí wọ́n lo okùn tó fúyẹ́ jù. Ohùn náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń lọ bíi mítà 340 lójú ìṣẹ́jú-àáyá: ohùn tó ń mì nígbà 170 lójú ìṣẹ́jú-àáyá ní ìgbì tó gùn ní mítà 2, èyí tó ń mì nígbà 340 ní ti mítà 1. Mo máa ń bi wọ́n pé bí ohùn tínrín bá ń sáré ju ohùn ńlá lọ, báwo ni orin tí wọ́n ń kọ lókèèrè ṣe máa rí tó bá fi dé etí wa? Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì gbà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Mo kọ ìbéèrè pé: gílóòbù 60 W àti 100 W, tí wọ́n ṣe méjèèjì fún fóltì 240, la so tẹ̀léra sórí iná fóltì 240, èwo ló máa mọ́lẹ̀ jù? Alẹ́ ti lẹ́ nígbà tí mo kọ ìwé ìdáhùn, mo kọ 100 W síbẹ̀ láìṣírò ó. Mo fagi lé ìdáhùn gbogbo ẹni tó mú 60 W. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wò ó bóyá ibi tí mo ti ṣì í nìyí."

Ó ti ṣe é sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Ó sọ 240 di púpọ̀ pẹ̀lú 240, ó fi 60 pín in, ó rí ìdíwọ́ óòmù 960. Ó fi 100 pín in, ó rí 576. Káréǹtì kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá, nítorí náà èyí tí ìdíwọ́ rẹ̀ pọ̀ jù ló máa gba agbára jù. Nǹkan bíi wáàtì 23 fún gílóòbù 60 W, 14 fún èkejì. Òótọ́ ni pé ìdíwọ́ inú gílóòbù máa ń yí padà bó ṣe ń gbóná, nọ́ńbà náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n 60 W náà ló máa mọ́lẹ̀ jù. Ọ̀rọ̀ náà yé ọmọ náà ju bó ṣe yé mi lọ. Èrò tí mò ń bá àwọn ọmọ jà lé lórí, pé nọ́ńbà tó tóbi ló ń borí, òun ló mú èmi náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì dá máàkì padà fún àwọn tí mo fi dù. Mo ní kí ọmọ náà wá ṣàlàyé lórí pátákó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ṣe é. Láti ìgbà náà, mi ò fi ìdánwò síta láìjẹ́ pé mo jókòó ṣe é bí akẹ́kọ̀ọ́, tòun ti ìdí tí mo fi mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún un ṣe lọ́jọ́ kejì láìwo ti àkọ́kọ́.

Ìdánwò mi ti kúrú báyìí. Ìbéèrè mẹ́wàá sí ogún ni mo máa ń kọ tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́jọ. Abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà méjì: "Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?" Máàkì tó wà fún ìlà méjì yìí pọ̀ ju ti ìdáhùn lọ. Iṣẹ́ ni láti kà wọ́n, ó ń jẹ òru mi, mi ò sì lè purọ́ pé kì í rẹ̀ mí. Ìbéèrè oníṣirò ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó mọ̀ pé iná ń pín síbí pín sọ́hùn-ún ṣùgbọ́n tí kò lè sọ iye tó pín kò tíì mọ Físíìsì tán. Mo kàn mú kí wọ́n dín kù ni. Ibi tí mo ti ń mú àwọn ìdáhùn tí kò tọ̀nà fún ìdánwò ọdún tó ń bọ̀ náà ni inú ìlà méjì yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an, mi ò tún un ṣe.

Ní sáà tó kọjá, mo tún fi ìbéèrè bọ́ọ̀lù sínú ìdánwò. Mo ń máàkì bọ̀ títí mo fi kan pépà ọmọbìnrin kan tó ya ọfà méjì. Bírò pupa mi ti kan pépà kí n tó rí i pé kò sí èyí tó lọ sókè nínú méjèèjì. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú, wọ́n jọ kọjú sílẹ̀. Mo ka ìlà méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀: "Èyí tó gùn ni òòfà ilẹ̀. Kékeré ni afẹ́fẹ́, ó ń dá bọ́ọ̀lù dúró bó ṣe ń lọ sókè. Tó bá ń bọ̀ wálẹ̀, ọfà yẹn á yí padà sókè." Mo gbé ìbéèrè mi wò. Mo ti gbàgbé láti kọ "Má ka afẹ́fẹ́ sí" síbẹ̀.

Mo mú ìwé ìdáhùn mi, mo ya ọfà kékeré náà sí i, mo sì padà sórí pépà àkọ́kọ́.